Àjẹ́ Ké Lánàá, Ewúrẹ́ Kú Lónìí

Àwọn àgbà ló ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí dára lẹ́nu adájọ́. Ẹni tó bá lérí lálẹ́, tí ohun tó lérí lé lórí sì ṣẹlẹ̀ láàárọ̀, kò yẹ kó tún máa béèrè pé ta ló rí òun. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo òwe náà dáadáa. Àjẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ké. Láyé àwọn baba wa, igbe ló ń ṣáájú, òkú ló ń tẹ̀ lé e. Láyé tiwa, òkú ló ń ṣáájú. Ó di ìgbà tá a bá sin ín tán ká tó máa wá ẹni tó ké kiri.

Ní Òsì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ní Kwara, mo bá àwọn ará ìlú jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Kò sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ni oníṣọ́ọ̀bù bá fi fíìmù àtijọ́ sí i. Ayé ni, èyí tí Hubert Ògúnǹdé gbé jáde ní 1979 látinú eré orí ìtàgé rẹ̀, tí Ọlá Balógun darí. Ògúnǹdé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá àwọn àjẹ́ wọ̀yá ìjà.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń fi fíìmù náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ti ṣá, wọ́n ní ẹni tó bá ní fóònù lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí àwọn àjẹ́ pàdé lóru, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn. Bíríkìlà kan tó ti ń fọ́nnu látàárọ̀ rọra gbé àga rẹ̀ sún mọ́ abẹ́ iná. Bàbá kan dìde, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: "Bàbá, ẹ má sùn o! Wọ́n ti dé!" bí ẹni pé Ògúnǹdé, tó ti kú láti 1990, á gbọ́ ọ láti Òsì. Àwọn obìnrin ń ta ìka yí orí ká. Ọmọ tó ń ta ẹ̀pà gbàgbé ṣéńjì oníbàárà mọ́wọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni fíìmù náà kò rí mú. Ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ni. Ó yọjú wo àwọn àjẹ́, ó yán kalẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ò wá ní lọ sùn?" Ó gbé igbá rẹ̀ rù, ó gba ilé lọ.

Ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ Bàbá Ṣadé kú.

Kí oòrùn tó gbẹ ìrì, àwọn tá a jọ wo fíìmù ti dájọ́. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí wọn: gbogbo wa la pariwo lánàá, ìyá ẹlẹ́kọ nìkan ló yán. Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n kan nínú wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òwe ní àjẹ́ ké. Màmá yìí kò ké." Ẹ̀gbọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Àjẹ́ ayé òde òní kì í ké mọ́. Wọ́n ti gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ náà wá dùn tán. Ẹni tó bá ké, àjẹ́ ni. Ẹni tó bá dákẹ́, àjẹ́ tó gbọ́n ni. Ẹni tó bá wá yán, ìyálóde wọn nìyẹn.

Lẹ́yìnkùlé Bàbá Ṣadé, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ tútù wà níbẹ̀ ní òkìtì, funfun báláú, ẹnu ewúrẹ́ sì ti dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó ń sin ẹran ní gbogbo agbègbè wa tí kò mọ̀ pé èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọn ò sá sóòrùn, májèlé ni. Bàbá Ṣadé náà mọ̀. Ṣùgbọ́n "ta ni kò mọ̀" ti dé ṣáájú rẹ̀, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kéèyàn yọjú wo ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó di alẹ́, àwọn tó dá ẹjọ́ láàárọ̀ ti tò sídìí igbá ìyá ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ rẹ̀ ló jọ̀lọ̀ jù ládùúgbò. Àjẹ́ tí ẹ̀kọ rẹ̀ dùn, a kì í bá a ṣọ̀tá kọjá aago méje.

Kí ará ìlú ńlá má rẹ́rìn-ín wa. Ní 1971, ará Amẹ́ríkà kan, William Peter Blatty, kọ ìwé ìtàn kan nípa ọmọbìnrin tí ẹ̀mí èṣù wọ̀ lára, The Exorcist. Àwọn èèyàn rà á, wọ́n kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n jẹun alẹ́. Nígbà tó di fíìmù ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, àwọn tó lọ wò ó ń dákú nínú sinimá, àwọn mìíràn ń bì, àwọn mìíràn gba ọ̀dọ̀ àlùfáà lọ. Ìtàn kan náà ni. Ìwé, ìwọ nìkan lò ń kà á, o sì lè pa á dé. Fíìmù, ẹ̀rù ẹni tó jókòó tì ọ́ ló ń wọ̀ ọ́ lára, ẹ̀rù sì máa ń ranni bíi yíyán. Ìdí rèé tí àwọn tó ka Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ ní 1938, pẹ̀lú gbogbo iwin inú rẹ̀, fi ka ìwé náà tán nílé ìwé láì mú aládùúgbò wọn lọ sílé ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe mí ní kàyéfì ju ìyẹn lọ. Ọlá Balógun yìí kan náà ló darí Ìjà Òmìnira, fíìmù tí wọ́n fa yọ látinú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé ìtàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969. Adé Love ló ṣe aṣáájú eré nínú rẹ̀, ọmọ Àgbámú, ará Kwara wa níhìn-ín. Ìtàn àwọn èèyàn tí aláṣẹ ń ni lára ni, títí wọ́n fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Èwo nínú àwọn tó wo ìyẹn ló jí lọ́jọ́ kejì tó ní, "Aninilára ké lánàá, ebi pa wá lónìí, ta ni kò mọ̀?" Kò sí. Wọ́n ní eré náà dùn, wọ́n ní Adé Love mọ eré ṣe, wọ́n lọ sùn. Olùdarí kan náà, èdè kan náà. Fíìmù tó bá sọ̀rọ̀ aninilára, a ní eré ni. Èyí tó bá sọ̀rọ̀ àjẹ́, a ní òótọ́ ni. Àṣé kì í ṣe pé a ò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́. A mọ ẹni tí kò ní ọlọ́pàá lẹ́yìn ni.

Àwọn aláṣẹ náà ti kọ́ òwe wa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Enugu, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ Nàìjíríà kéde òfin tó ta ko fíìmù tó ń gbé oògùn owó lárugẹ. Fíìmù ké lánàá, ọmọ ya olóògùn owó lónìí, ta ni kò mọ̀? Mi ò ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tó dé ìlú, tó ń ná owó bí ẹlẹ́dà, ta ló gbé àga iwájú fún un nílé Ọlọ́run? Ta ló wé lááwàní oyè lé e lórí? Olùdarí kankan kò ya ìran yẹn. Ojoojúmọ́ là ń ṣe é ní gbangba, àjọ wo ni yóò bá wa gé e kúrò?

Ó dùn mí pé ilẹ̀ yìí gan-an ni fífi fíìmù dájọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Òsì ni Aréògún gbé, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, tó kú ní 1954. Odò-Ọwà, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, ni Bámigbóyè, agbẹ́gilére bíi tirẹ̀, gbé, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún àfihàn ní 2022. Ọmọ tó dàgbà lágbàlá irú àwọn bàbá yẹn rí igi nígbà tó wó, ó rí ọ̀bẹ lójú igi. Lọ́jọ́ ọdún, tí eégún Ẹlẹ́fọ̀n bá jáde pẹ̀lú jagunjagun orí ẹṣin lórí rẹ̀, ẹ̀rù bà á bó ṣe ń ba gbogbo ìlú. Ó mọ̀ pé igi ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Bí eégún náà bá fò sórí òkìtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, àmì burúkú ni, ṣùgbọ́n ẹrù gbogbo ìlú ni. Kò sí ẹni tó máa gbé e ka arúgbó ẹlẹ́kọ kan lórí. Àwa ọmọ wọn ni a ò rí ojú ọ̀bẹ lára fíìmù mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ewúrẹ́ kú, mo jẹ ẹ̀kọ tèmi, mo sì jókòó tì wọ́n. Mo ní kí n dán òwe náà wò. Mo ní, "Ẹ̀yin ará, òṣèlú ké lánàá, ó ní òun á ṣe ọ̀nà wa, òun á kó oògùn sí ilé ìwòsàn wa. Ọ̀nà ò sí lónìí, oògùn ò sí. Ta ni kò mọ̀?"

Bíríkìlà wo ilẹ̀. Bàbá tó kìlọ̀ fún Ògúnǹdé dákẹ́. Ìyá ẹlẹ́kọ wo gbogbo wa yí ká, ó dúró bóyá a máa gbọ́ igbe ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó yán.