Màmá Tíṣà Láàárín Àwọn Ará Òkúta

Kò sí ọmọ Ìgbómìnà tí wọn ò sọ ìtàn ère Èsìẹ́ fún. Àlejò ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe wí. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n hu ìwà tí kò yẹ nílùú onílùú, bí wọ́n sì ṣe wà náà ni wọ́n ṣe di òkúta: èyí jókòó sórí àpótí, èyí mú idà dání, èyí gbé ohun èlò orin lọ́wọ́. Wọ́n lé ní 1,000. Ní 1933, òyìnbó kan tó ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS wò, Ramshaw lorúkọ rẹ̀, débẹ̀, òun ló sì gbé ìròyìn wọn dé etí àwọn òyìnbó yòókù. Ní 1945, wọ́n kọ́lé fún wọn, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Màmá wa, ọmọ Èsìẹ́ pọ́ńbélé, máa ń ní kò ya àwọn lẹ́nu pé alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni. Alábẹ̀wò wo ló máa rí kíláàsì ẹlẹ́gbẹ̀rún ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò ní í lọ ròyìn?

Òmù-Àrán ní ìpínlẹ̀ Kwárà ni Màmá ti ṣe tíṣà. Ìwé ẹ̀rí Grade Two ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé dé ní 1976 kó ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ débi pé ojú fèrèsé náà di àga. Nílé, tíṣà kì í ṣe ti ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ló ń san owó oṣù rẹ̀, nígbà tó bá wù ú. Ti ìlú ni. Ìyá elẹ́fọ̀ọ́ ọjà, akẹ́kọ̀ọ́ Màmá. Dẹ́rẹ́bà tó ń gbé wọn lọ Ìlọrin, akẹ́kọ̀ọ́ Màmá. Ọlọ́pàá tó dá dẹ́rẹ́bà dúró láti gba ohun tí wọ́n máa ń gbà, òun náà ni. Màmá á kàn yọrí lójú fèrèsé: “Ìwọ, méje lọ́nà mẹ́jọ, mélòó ni?” Ọlọ́pàá á ká ọwọ́ kò, á ní, “Ẹ má bínú, mà,” ọkọ̀ á sì lọ. Títí di òní, mi ò rò pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Ọmọ tuntun ló gbé Màmá dé Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wẹ ọmọ ni. Bí ọmọ ṣe di ẹni tó ń dá wẹ̀ tí Màmá ò tíì padà, ọ̀rọ̀ lọ́yà àti ìwé ni. Ó gùn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ẹ wò wọ́n nígbà tí mo kọ́kọ́ mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Brixton. Gbogbo ìjókòó kún. Ọwọ́ lórí itan, ojú gan-an síwájú, kò sẹ́ni tó wo ẹnì kan. Màmá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fi ìgúnpá gbún mi.

“Wọ́n ti di òkúta. Kí ni wọ́n ṣe?”

Mo ní wọn ò ṣe nǹkan kan, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ. Màmá ò gbà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé àlejò ni àwọn náà, ìtàn Èsìẹ́ ò sì fi àlejò ṣeré. Wọ́n tún gèlè ṣe, wọ́n gbé ohùn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ jọ láàárọ̀ ní Òmù-Àrán: “Gúùdù mọ́níìn sí gbogbo yín!” Ọkùnrin kan yọ ohun tó fi sétí, ó rò pé iná ń jó. Ọmọdé kan rẹ́rìn-ín. Ìyá kan ní ìparí ọkọ̀ tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.” Ará Ọ̀fà ni.

Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tí Màmá ò kí: awakọ̀ bọ́ọ̀sì, agbálẹ̀ òpópónà, ẹni tó ń mú ajá rìn. Wọn ò kí ajá o. Wọ́n ní ibi tí àwọn fi mọ nìyẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù gbà wọ́n síṣẹ́, àmọ́ olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni. Ìwé ẹ̀rí Kwárà ò tó. Ẹni tí àwọn tíṣà tó kọ́ nílé ti di hẹ́ẹ̀dì wá ń bá ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì gé pépà. Oṣù kejì ọdún 2023 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí tíṣà wọn lè fi ìwé ẹ̀rí ilé gba àṣẹ olùkọ́ níbẹ̀. Màmá ti fẹ̀yìn tì. Mo ka ìròyìn náà fún wọn, wọ́n yọ awò ojú, wọ́n ní, “Wọ́n pẹ́ lẹ́yìn. Kọ orúkọ wọn sílẹ̀.”

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ náà ni ibi tí ẹgba wà. Mo ṣàlàyé pé òfin ti gba ẹgba lọ́wọ́ tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti 1987.

“Kí wá ni wọ́n ń lò?”

“Sítíkà.”

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní kí n tún un wí. Mo ní ọmọ tó bá ṣe dáadáa, wọn á lẹ ìràwọ̀ mọ́ ọn láyà. Èyí tó bá dá wàhálà sílẹ̀, wọn á ní kó lọ jókòó sí igun kan, kó ronú. Màmá ní kí ni ọmọ ọdún mẹ́fà fẹ́ rò?

Ṣùgbọ́n òfin 1987 ò dárúkọ ojú. Gbogbo ẹni tí ìyá Yorùbá tọ́ ló mọ ojú tí mò ń wí, èyí tí wọ́n máa ń ṣẹ́ sí yín nílé onílé nígbà tí ẹran bá dé orí tábìlì. Ojú yẹn ni Màmá kó wọ kíláàsì ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Pólàǹdì àti ọmọ Sòmálíà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yé gbogbo wọn láìsí ògbufọ̀. Èyí tí ojú ò bá ràn, wọ́n á sọ ìtàn Èsìẹ́ fún un. Wọ́n sọ ọ́ fún kíláàsì kan lọ́sàn-án, gbogbo ọmọ jókòó bí èyí tí wọ́n gbẹ́. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ òbí kan: ọmọ òun ò sùn, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò bóyá ó ti ń le. Nílé, irú òbí bẹ́ẹ̀ á gbé iṣu wá. Á ní, “Ẹ bá mi nà án síi, mà.”

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ilé àti òkèèrè, ẹ kó ọmọ lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Láti Òmù-Àrán sí Èsìẹ́, ohun tí Màmá nílò ni ọkọ̀ akẹ́rù kan àti ẹ̀wà sísè. Láti gúúsù Lọ́ńdọ̀nù sí British Museum, fọ́ọ̀mù òbí, fọ́ọ̀mù ẹ̀pà, fọ́ọ̀mù ewu ojú ọ̀nà, àti ẹ̀wù aláwọ̀ iná lọ́rùn gbogbo ọmọ. Ibẹ̀ ni Màmá ti bá orí idẹ tí wọ́n hú ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938 pàdé. Wọ́n kí i. Wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé 1939 ló ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n mi orí: “Gbogbo ọdún yìí, lọ́yà ò tíì bá a rí ìwé padàlé gbà.” Inú wọn dùn pé ti Èsìẹ́ kò tẹ̀ lé e, púpọ̀ wọn ṣì jókòó sílé níbi tí wọ́n bá wọn.

Nínú ilé wa ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ-ọmọ ni kíláàsì. Ìdọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ìsọdipúpọ̀ lálẹ́. Òyìnbó tó ń gbé kọjú sí wa ló rí èyí ọkùnrin tó na gbalaja lẹ́nu ọ̀nà níwájú Màmá, ló bá sáré kọjá títì wá béèrè bóyá kí òun pe áńbúláǹsì. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní àkàrà. Nígbà Kérésìmesì, a rí i tó tẹrí ba díẹ̀.

Ẹ má rò pé ilé dúró de Màmá. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti ṣí ní Òmù-Àrán ní 2011, àlejò ti pọ̀ níbẹ̀. Màmá lọ kí ilé, àwọn ọmọ kan ń kọjá lọ, fóònù lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè. Màmá dúró sáàárín ọ̀nà títí wọ́n fi kí wọn.

Nígbà tí Màmá jáde láyé, ìsìn ìrántí wọn ní Lọ́ńdọ̀nù ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan, nítorí òkú mìíràn ń dúró de gbọ̀ngàn. Èsìẹ́ la sin wọ́n sí. Ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ti ń du ipò ẹni tí Màmá nà jù. Ọ̀gá báǹkì kan tó ti fẹ̀yìn tì ká ṣòkòtò sókè kó fi ojú àpá hàn. Káfíńtà kan ní àpá kékeré lèyí, ẹ jẹ́ kí òun bọ́ ẹ̀wù. Mo gbé fóònù sókè kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti di nọ́ọ̀sì, lè kí àwọn èèyàn lórí fídíò. Ó sunkún, ó ní òun ò jẹ́ gbàgbé Miss, pé wọn ò fọwọ́ kan òun rí.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

“Wọn ò nà án rárá?” ni ọ̀gá báǹkì wí. “Ọmọ ọlọ́mọ. Kí ló ṣe fún wọn?”

Káfíńtà ti gbé ẹ̀wù rẹ̀ padà wọ̀. “Sọ fún un kó má sunkún mọ́,” ó sọ fún mi. “Kó wálé. Ẹgba wọn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi.”