Wọ́n Kó Ọmọ Jáde Kí Wọ́n Tó Bí I

Ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ kẹjọ tí a bí ọmọ là ń sọ ọ́ lórúkọ. Èkó nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ti máa ń pe Ààrẹ wá síbi ìkómọ, tí onílù á dé, tí ìrẹsì á jinná, tí wọ́n á ya fọ́tò títí, tí olóyún fúnra rẹ̀ á sì jókòó sí iwájú, kò tíì rọbí. Ọmọ tí mò ń wí ni ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ fi ìka yín kà á. Wọ́n ṣí Blue Line ní ọjọ́ 24 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023. Ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ni èrò tó san owó wọ̀ ọ́. Wọ́n ṣí Red Line ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé 2024. Ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀wàrà ni èrò wọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, oṣù méje àti ọjọ́ díẹ̀! Ẹ̀yin ìyá àgbà máa ń sọ pé ọmọ oṣù méje a máa yè, pé ti oṣù mẹ́jọ ni kí a bẹ̀rù. Nítorí náà, ẹ má bá LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, jà mọ́. Ìmọ̀ agbẹ̀bí ni wọ́n ń lò.

Èwo tilẹ̀ ni ti ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé? Gbogbo ọjọ́ tó wà nínú ọdún, èyí tí kì í yọjú àfi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ni wọ́n rí mú. Ẹni tó mú ọjọ́ yẹn gbọ́n ju gbogbo wa lọ. Títí di 2028, bí ẹ bá bi í pé ọkọ̀ yín ti pé ọmọ ọdún mélòó, á ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò tíì pé ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ má sì rò pé àṣejù tuntun ni. Bàbá Kékeré, Alhaji Lateef Jakande, tó ti jẹ́ gómìnà Èkó, ló kọ́kọ́ fẹ́ ìyá ọmọ yìí sílé. Metroline lorúkọ rẹ̀. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1983, kí ọdún náà tó parí, ológun ti dé. Nígbà tó di 1985, ìjọba Ọ̀gágun Buhari ní kí ìyàwó kó ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní owó tó bá ìkọ̀sílẹ̀ yẹn lọ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là. Ó dáa. Ẹ wá wo ẹni tó jókòó sípò bàbá ọmọ níbi ìkómọ Blue Line ní 2023. Buhari kan náà, tó ti di alágbádá! Ẹni tó lé ìyá lọ ló wá gbé ọmọ jó. Bí òǹkọ̀wé eré bá kọ irú rẹ̀, ẹ ó ní kó lọ dín irọ́ rẹ̀ kù.

Láàárín ìyá àti ọmọ, Gómìnà Fáṣọlá wà níbẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ Blue Line bẹ̀rẹ̀ ní 2010, wọ́n sì ní yóò parí ní 2011. Lóòótọ́, 2011 parí. Iṣẹ́ ni kò parí. Ní ọdún 2011 yẹn kan náà, wọ́n ní àwọn ọkọ̀ tókunbọ̀ láti Toronto, ní Kánádà, ń bọ̀ wá sáré lórí irin wa. Tókunbọ̀ kò sọdá òkun. Nígbà tí ọkọ̀ wá dé, láti Ṣáínà ló ti wá. Ti Toronto, àfi bó bá ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Àpápá. Ambode gba ìjọba, ó sì gbé e sílẹ̀. Ọmọ tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ihò àkọ́kọ́ ti ń fá irùngbọ̀n kó tó wọ ọkọ̀ náà, ìyẹn láti Marina dé Mile 2 péré, kìlómítà 13. Àwọn ará Okokomaiko, tí orúkọ wọn wà lára ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ní láti wá wò ó ní Mile 2 bí ẹni ń wo egúngún àdúgbò ẹlòmíràn.

Ó tún kù. Ọkọ̀ oníná ni wọ́n pè é, àmọ́ ẹ́ńjìnnì dísù ló kọ́kọ́ ń fà á, tí iná fi dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni lóòótọ́. Ta ni nínú wa tí kò kọ́kọ́ fi jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé tuntun?

Àmọ́ ti Red Line ni mo fẹ́ràn jù. Ìdílé Talgo láti Sípéènì ni àwọn ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Milwaukee ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí wọn sí. Gómìnà Jim Doyle ló ní kí wọ́n ṣe wọ́n ní 2009. Kí wọ́n tó lé tìróò tán, ìbò ti dé, Scott Walker ti di gómìnà, ó ní òun ò fẹ́. Báyìí ni ọkọ̀ wà tí kò rí ọkọ. Ó wọ pupa, kò rí ọkọ. Ó wọ funfun mọ́ ọn, kò rí ọkọ. Bí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi wà nípamọ́, wọn kò gbé èrò kankan rí, títí alárenà fi dé láti Èkó ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022. Gómìnà Sanwo-Olu ló lọ san owó orí, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní BOS. (Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń jẹ́ Bọ́ọ̀sì kò yẹ kó máa kánjú fẹ́ rélùwéè.) Ẹ wá rò ó wò. Arẹwà tó ti fi ọdún mẹ́wàá jókòó dè wá ní Amẹ́ríkà, ó dé Èkó, wọ́n ṣe ayẹyẹ fún un, wọ́n ní kó tún lọ jókòó fún oṣù méje. Lójú tèmi, kò jọ pé ó sunkún. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ náà ni.

Kì í ṣe pé kò sí ìdí o. Irin tí Red Line ń tọ̀, òun àti ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń lọ Ìbàdàn ni wọ́n jọ ń lò ó. Ìyàwó méjì, yàrá kan: ẹ mọ̀ pé kì í tètè yanjú. Wọ́n ní láti to àkókò, kí wọ́n kọ́ awakọ̀, kí wọ́n sì sáré ọkọ̀ lófìfo títí ọkàn wọn á fi balẹ̀. Gbogbo rẹ̀ dára. Ohun tí mò ń bèèrè kò pọ̀: ṣé onílù ò lè dé lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni?

Àwọn àgbà ní bọ́ọ̀sì Ọ̀yìngbò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Fún oṣù méje, Ọ̀yìngbò, tó jẹ́ ibùdókọ̀ Red Line, ló ń dúró de ọkọ̀. Wọ́n tún ní ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Ó mọ̀ lọ́dún yẹn. Láti orí aláta dé orí alágbo, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Red Line ò wá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ta ló kọ́ ọkọ̀ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin lẹ kọ agogo méjìlá ọ̀sán sórí káàdì ìkésíni, tí ẹ dé ní agogo mẹ́rin, tí ẹ ń bínú pé ẹran ti tán. Ẹ̀yin lẹ sì wà nínú balùwẹ̀ ní Ìjù, tí ẹ ń sọ lórí fóònù pé, "Mo ti wà ní Òṣòdì, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì." Rélùwéè gbọ́. Ó ní ó dáa, òun náà ti wà lọ́nà.

Nígbà tó wá dé nígbẹ̀yìn, tó ń tẹ̀lé aago, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọdún mẹ́tàlá dúró de Blue Line, kò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta dúró dè yín! Ilẹ̀kùn padé, ẹ ń gbá a: "Ó wà o! Dẹ́rẹ́bà, ó wà o!" Ta lẹ ń pè? Kò sí kọ́ńdọ́ níbẹ̀. Káàdì ìsanwó Cowry nìkan ni ọkọ̀ yẹn mọ̀. Kò ní jẹ yín ní ṣéńjì, kò sì ní so yín pọ̀ mọ́ àlejò kan pé kí ẹ lọ pín ẹgbẹ̀rún náírà láàárín ara yín. Mo mọ ẹ̀gbọ́n kan tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó padà sínú dánfó. Ó ní bí òun ò bá bú ẹnikẹ́ni láàárọ̀, ara òun kì í yá síṣẹ́.

Ẹ̀yin ará Woolwich àti Abbey Wood, tí ẹ ń mi orí ní Lọ́ńdọ̀nù pé Nàìjíríà nìyẹn, ẹ rọra. Elizabeth Line tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, oṣù Ọ̀pẹ 2018 ni wọ́n dá, oṣù Èbìbí 2022 ló dé. Àwọn ọkọ̀ tuntun ti Piccadilly, wọ́n ní 2025, wọ́n tún sún un sí 2026. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ 17 oṣù Èbìbí ni Ọbabìnrin wá ṣí ti Elizabeth, ọjọ́ 24 ni èrò wọ̀ ọ́. Ẹ kà á bí àwọn baba wa ṣe ń ka ọjọ́: ọjọ́ kẹjọ gééré! Àṣà wa ti wà lọ́wọ́ Òyìnbó, a ò mọ̀.

Ní báyìí, Green Line ni wọ́n tún ń sọ, kìlómítà 68, láti Marina dé Free Zone Lẹ́kí. Ẹ̀yin ará Lẹ́kí, ẹ má tíì ta jíìpù yín. Àmọ́ ẹ lè ra ànkárá aláwọ̀ ewé fún ayẹyẹ ìṣíde, kí ẹ sì gbé e fún télọ̀ lónìí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé yín, télọ̀ ló máa ṣáájú.