Ẹjọ́ Àwọn Orogún Ìkògòsí

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí n má baà pariwo. Ṣé ẹ gbọ́ ìjà tí wọ́n jà nídìí kànga lánàá? Ẹ má bi mí pé àwọn wo ni o. Ẹ ṣáà wo ẹni tí kò kí ẹnikẹ́ni láàárọ̀ yìí, tó gbé igbá ata rẹ̀ jáde fùú.

Ìyẹn gan-an, eré ọmọdé ni. Ìjà orogún tó le wà ní Ìkògòsí, l'Ékìtì. Wọ́n ní ọkùnrin kan láyé àtijọ́ fẹ́ ìyàwó méjì. Ìyáálé jẹ́ onínúfùfù, ìyàwó kékeré tutù pẹ̀sẹ̀. Ìyáálé á sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi bó o, èyí àbúrò á kàn máa wò ó. Ṣé ẹ mọ bí ìyẹn ṣe ń bí èèyàn nínú tó? Ìjà wá di ojoojúmọ́, títí àwọn méjèèjì fi di omi: ọ̀kan gbígbóná, ọ̀kan tútù. Ọkọ wọn ńkọ́? Àwọn kan ní ó di òkè, ó dúró síbẹ̀, ó ń wò wọ́n. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn! Ìyáálé ni gbogbo ẹni tó ń pìtàn yìí máa ń dá lẹ́bi, èmi ò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n tètè ya òkè Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí n tó gbàgbé. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ ó gùn. Lókè lọ́hùn-ún, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ẹni inú ìtàn wọn àtijọ́, wà lára àpáta. Wọ́n ní kò sẹ́sẹ̀ tí kò bá a mu, tọmọdé tàgbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ẹnì kan nínú agboolé yìí dé ìdí òkè náà, ló bá ní orúnkún ń dun òun. N ò sọ nǹkan kan o.

Ibo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ìyáálé. Níbi tó ti ń sun, gbígbóná rẹ̀ tó nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì, bí ara ẹni tí kò níbà. Nígbà tó bá fi dé ọ̀dọ̀ orogún rẹ̀, ó ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, kí ẹ ki ìkejì bọ tútù. Wọ́n jọ ń ṣàn lọ, síbẹ̀ wọn ò tètè pò mọ́ra. Tíṣà yín á ní omi òjò ló rì lọ sínú ilẹ̀ jìnnà, tí àpáta ìsàlẹ̀ mú un gbóná, tó wá gba ojú ibi tí àpáta ti sán jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n tíṣà ò gbé ilé olórogún rí.

Wọ́n tiẹ̀ ṣe odò ìlúwẹ̀ẹ́ síbẹ̀ fún àlejò. Omi ta ni wọ́n darí sínú rẹ̀? Ti ìyáálé tí wọ́n ń bú!