Bí Ọ̀dẹ̀ Ṣe Ń Ti Ilẹ̀kùn

Ọ̀dẹ̀ mi àtàtà, o kú ìnáwó. Ilé ti parí, ó ku kí o tì í. Ọjà ni kí o kọ́kọ́ gbà lọ, kí o ra àgádágodo tó wúwo bí ọmọ odó. Owó tó bá ṣẹ́ kù ni kí o fi ra ilẹ̀kùn, ìyẹn irú èyí tí wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo iwájú bo ẹ̀yìn, tí inú rẹ̀ ṣófo. Olè kò ní yọ àgádágodo rẹ lẹ́nu rárá. Ẹsẹ̀ ni yóò fi ta àárín ilẹ̀kùn, yóò gba ibẹ̀ wọlé, yóò sì kó ẹrù jáde tán, àgádágodo ṣì wà ní títì gbọn-in.

Irin tí àgádágodo ń kọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé bí o bá ti tì í, ó bo orí síkúrù rẹ̀ mọ́lẹ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníyọnu. Ra èyí tí gbogbo síkúrù rẹ̀ ń wo títì, kí ẹni tó bá mú sukudíráfà dání lè tú u jẹ́jẹ́, kí ajá má tilẹ̀ gbó. Bí káfíńtà bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lo síkúrù gígùn tí yóò gba inú férémù wọ ara ògiri," dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lọ́gbọ́n? Lo èyí tó wà nínú páálí." Èyí tó wà nínú páálí kò ju ìdajì ìka lọ, ṣùgbọ́n ó ń dán.

Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí síta, hínjì yóò wà níta. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Rí i pé ọ̀pá àárín rẹ̀ ṣeé fi ìṣó àti òòlù lù jáde. Ẹ̀gbẹ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà ni ìwọ ń ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ni àlejò á ti gbé ilẹ̀kùn kúrò.

Kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ eléyín kì í ṣe eré o. Linus Yale Jr., ará Amẹ́ríkà tó gba ìwé-àṣẹ ìjọba lórí irú rẹ̀ ní 1861, to àwọn ọ̀pá tín-ín-tín ní méjì-méjì lé ara wọn, sípíríǹgì ń tì wọ́n mọ́lẹ̀. Eyín kọ́kọ́rọ́ ló ń gbé wọn sókè, ìgbà tí oríkèé gbogbo wọn bá sì dọ́gba ló tó lè yí. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá dé, da epo pupa sí i. Eruku á lẹ̀ mọ́ epo, epo á lẹ̀ mọ́ sípíríǹgì, kọ́kọ́rọ́ á há, ìwọ á fi agbára yí i, ìdajì rẹ̀ á kán sínú. Ẹlòmíràn á ha lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù, á bu ẹ̀kúnná rẹ̀ sí i. Ìyẹn kò náni lówó, kò yẹ ọ́.

Bó bá jẹ́ ilé àyágbé, má pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Ṣebí ayálégbé tó kó jáde ti dá tirẹ̀ padà fún lánlọ́ọ̀dù? Àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kì í kúkú bi ẹnikẹ́ni pé ilé ta ni.

Lálẹ́, ti irin ẹnu ọ̀nà láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú báàgì ìyàwó tó rìnrìn àjò. Irin ti dí gbogbo fèrèsé tẹ́lẹ̀. (Ibí yìí ni ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Ní New York ní 1911, iná sọ ní ilé iṣẹ́ aránṣọ Triangle. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kan pa kí òṣìṣẹ́ má baà jí ọjà. Ènìyàn 146 ló kú, ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn.)

Ó ku ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Fi kọ́kọ́rọ́ tí ahọ́n rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí i, irú èyí tó ń ti ara rẹ̀ bí o bá ti pa ilẹ̀kùn dé. Lọ́jọ́ tí o bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé, figbe ta. Ọmọkùnrin kan á jáde láti ojúlé kejì, á yọ káàdì báńkì, á tì í bọ àárín ilẹ̀kùn àti férémù, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wọlé." Má bi í níbi tó ti kọ́ ọ. Dúpẹ́, fún un ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí o sì rọra pa ilẹ̀kùn náà dé bó ṣe wà.