Bí Mo Ṣe Di Eégún ní Ọ̀nà Ọ̀yọ́

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nínú ọyẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, ní ọ̀sán gangan, eégún kan gun alùpùpù wọ ìlú Fìdítì, tí ó kọlu àtẹ ọlọ́sàn, tí ó sì gba owó lọ́wọ́ èrò ọkọ̀ kí ó tó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ má bá a jiyàn. Gbogbo rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀, àfi pé kì í ṣe eégún. Èmi ni. Èmi tí mo fi ìgbà èwe àti ìgbà àgbà kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi tí wọ́n fi jẹ Bàbá Ìjọ, tí mo sì máa ń jókòó ní iwájú pátápátá nínú ilé Ọlọ́run, èmi yìí kan náà ni obìnrin àti ọmọdé ń sá fún tí wọ́n ń kọlu ara wọn. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. N kò rí ohun tí mo tún fẹ́ fi pamọ́, nítorí náà kí n kúkú rò ó fúnra mi kí àwọn ọmọ tí wọ́n fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ tó rò ó fún yín.

Ọmọ àbúrò mi fẹ́ tọrọ ìyàwó ní Ọ̀yọ́, èmi ni olórí ẹbí, wọ́n sì ti háyà bọ́ọ̀sì tí yóò kó gbogbo wa láti Ìbàdàn. Mo ní n kò wọ bọ́ọ̀sì, alùpùpù ni n ó gùn. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń dà mí láàmú ni afẹ́fẹ́: afẹ́fẹ́ ọyẹ́, aláìlápá tí ń ṣí ọba ní fìlà, aláìlẹ́sẹ̀ tí ń lé ẹlẹ́ṣin bá, àlejò tí kì í kanlẹ̀kùn kí ó tó wọ inú àyà ẹni. Bí eré alùpùpù bá ti kọjá 40 kìlómítà ní wákàtí kan ní àárọ̀ ọyẹ́, omijé á máa ṣàn lójú, àyà á tutù, eruku á sì kún ọ̀nà ọ̀fun títí ohùn ènìyàn yóò fi kẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ohùn kíkẹ̀ yìí sọ́kàn. Mo bá lọ ra gíláàsì iwájú, irú èyí tí a ń dè mọ́ ọwọ́ alùpùpù.

Gíláàsì ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ike ni. Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní polycarbonate kì í tètè fọ́, òkúta lè ta bà á kí ó má ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n eruku lásán lè kọ ọ́ ní ilà bí a bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún, èyí tí wọ́n ń pè ní acrylic kò tètè gba ilà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ipá lu ihò sí i, á sán. Acrylic ni tèmi. Ìwé tí ó bá a wá nínú páálí ni mo sì fẹ́ bínú sí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bínú. Ojú ìwé kan péré ni, àwòrán ọkùnrin tí kò ní ojú ni ó wà níbẹ̀, ọfà kan tọ́ka sí òkè, ọ̀kan tọ́ka sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé kí a dè é dáadáa. Báwo ni dáadáa ṣe rí? Ibo ni dáadáa dé? Ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ ènìyàn lórí ohun tí ènìyàn yóò sá pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ lórí eré, kò ha yẹ kí ó lè sọ ibi tí etí òkè rẹ̀ yẹ kí ó mọ?

Mẹkáníìkì tí ń bá mi tún alùpùpù ṣe ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dè é, kò le rárá.” Mo wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì. Ó ní, “Ẹ̀yin ni, sà.” Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, mo gbé páálí mi, mo lọ sílé. Mo fi díríìlì lu ihò tuntun méjì sí ibi tí ó wù mí, ike náà sì sán ní ìdí méjèèjì kí n tó rántí pé díẹ̀díẹ̀ ni a ń lu irú rẹ̀, kí a fi pákó tì í lẹ́yìn, kí ihò náà sì fẹ̀ ju bóòtù lọ díẹ̀, nítorí oòrùn a máa mú ike fẹ̀, òtútù a sì máa mú un súnkì. Mo padà sí ihò mẹ́rin tí ó ti ní láti ilé iṣẹ́ tí ó ti wá, mo dè é, mo gùn ún jẹ́jẹ́ yí àdúgbò ká, afẹ́fẹ́ kò kàn mí láyà mọ́, inú mi sì dùn dọ́ba. Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá ni. N kò mọ̀ pé eégún ọ̀hún fúnra rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà.

Ní ọjọ́ ìtọrọ, mo wọ agbádá sányán tí mo jogún lọ́wọ́ bàbá mi, mo fi fìlà sínú àpò, mo dé àṣíborí, mo ká apá agbádá lé èjìká, mo sì ṣíwájú bọ́ọ̀sì. Tẹ́lẹ̀ rí, bí mo bá wọ agbádá gun alùpùpù, afẹ́fẹ́ iwájú ni ń bá mi tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. N kò ronú rí pé oore ni ó ń ṣe mí. Bí mo ti kọjá Mọ́níyà tí ojú ọ̀nà là, tí mo sì tẹ iná mọ́ ọn, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu àṣíborí mi ní gbì, gbì, gbì, orí mi ń mì lọ mì bọ̀, ojú mi sì ń rí igi méjì níbi tí ọ̀kan wà.

Ẹ dákẹ́ kí n ṣàlàyé. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kọlu gíláàsì kì í kú síbẹ̀. Á gun ún lọ sí òkè, á fò kúrò ní etí rẹ̀, ibi tí ó sì ti fò ni yóò ti fọ́ sí ìjì kéékèèké tí ń yí bírí. Bí orí ẹni bá bọ́ sí àárín àwọn ìjì wọ̀nyí, ìyà tí yóò jẹ ẹ́ á ju ti ẹni tí kò ní gíláàsì rárá lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò bá nǹkan pàdé a máa fẹ́ ní tààrà. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ yóò di ìlọ́po mẹ́rin, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ohun tí ó dára ní 40 kìlómítà ní àdúgbò mi fi di ọ̀tá ní 80. Àwọn Òyìnbó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ilé iṣẹ́ alùpùpù Moto Guzzi kọ́ ilé kan sí Mandello del Lario ní Ítálì ní 1950, tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ńlá nínú rẹ̀ láti wo bí yóò ti gba ara alùpùpù kọjá. Nígbà tí BMW sì ń ṣe alùpùpù R 100 RS, èyí tí ó jáde ní 1976, irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Pininfarina ni wọ́n gbé e lọ kí wọ́n tó mọ bí iwájú rẹ̀ yóò ti rí. Èmi, ní ẹ̀bá ọ̀nà Akínyẹlé, sípánà méjì ni mo ní, àti ìmọ̀ràn ara mi.

Mo dúró sí ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin fọkanáísà kan. Mo tú bóòtù, mo ti gíláàsì náà sókè títí ó fi ga ju ojú mi lọ. Nígbà náà ni mo rí i pé àlàfo kan wà ní ìsàlẹ̀, láàárín gíláàsì àti iná iwájú. Mo ní ẹ wo àwọn aláìbìkítà, wọ́n gbàgbé láti dí i. Mo gba àlòkù tíúbù lọ́wọ́ fọkanáísà, mo fi wáyà so ó, mo dí àlàfo náà pa pátápátá. Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ibẹ̀ sílẹ̀?” Mo fi ìmọ̀ dá a lóhùn títí ó fi dákẹ́. Àìgbọ́fá ni à ń wòkè, ifá kan kò sí ní párá.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yìn rẹ̀ dùn. Kò sí ariwo, kò sí lílù, mo ń kọ orin ìyìn, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eruku ti sọ ọ́ di ohùn ọ̀pọ̀lọ́. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ sí Fìdítì nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé nǹkan kan ń tì mí lẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá ya sí ọ̀tún àti òsì níwájú gíláàsì, ẹ̀yìn gíláàsì á ṣófo, afẹ́fẹ́ kì í sì í fi ibi tí ó ṣófo sílẹ̀. Àlàfo tí mo dí yẹn ni wọ́n ṣe kí díẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé láti fi kún un. Nígbà tí mo ti ìlẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìn ni ó gbà wọlé.

Kí n dá ẹ̀fẹ̀ dúró níhìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín. Tírélà kan yọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfọn fèrè, ó gba ibi tí kò tó apá kan sí èjìká mi kọjá. Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọn kò ka ẹni tí ó wà lórí alùpùpù sí ènìyàn. Bí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ méjì, wọ́n gbà pé ẹ̀mí rẹ̀ kò pé. Afẹ́fẹ́ tírélà yẹn ni ó parí iṣẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn agbádá mi dìde, ó gun orí àṣíborí kọjá, apá rẹ̀ méjèèjì tú, gbogbo rẹ̀ sì ya wọ inú òfo tí ó wà láàárín àyà mi àti gíláàsì. Ọrùn rẹ̀ kọ́ bóòtù tí mo fi sílẹ̀ ní gígùn. Ilẹ̀ ṣú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rí ni ojú títì ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Mo tẹ bírékì jẹ́jẹ́, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, mo tẹ fèrè mọ́lẹ̀, mo sì ń fi ohùn kíkẹ̀ ké pé, “Ẹ yà o! Ẹ yà fún mi o!” Báyìí ni mo ṣe wọ Fìdítì. Ẹ fojú inú wò ó: aṣọ sányán láti orí dé orúnkún, kò sí ojú, kò sí imú, ohùn bí ti ará ọ̀run, tí ó ń bọ̀ tìlù-tìfọn lórí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ igbe obìnrin kan, “Eégún! Eégún ń gun ọ̀kadà!” lẹ́yìn náà ni bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ró pàtìpàtì, tí ìlẹ̀kùn ń ti gbàgà. Àwọn ọmọkùnrin kò sá. Wọ́n gba ẹ̀yìn mi, wọ́n ń lu agolo, mo sì gbọ́ tí ọ̀kan ń wá àtòrì kiri. Nígbà náà ni táyà iwájú kọlu nǹkan kan, alùpùpù ṣubú, èmi náà sì jókòó sí àárín ọsàn tí ń yí lọ káàkiri títì.

Àgbàlagbà kan nìkan ni ó sún mọ́ mi. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, “Káàbọ̀, ará ọ̀run. Ṣé àlàáfíà ni ẹ bá wá?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èmi kì í ṣe eégún.”

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “A mọ̀, Bàbá, a mọ̀. Èwo nínú wọn ni ó jẹ́wọ́ rí?”

Ọmọdé kan ní, “Ṣùgbọ́n ó wọ aago!” mo sì gbọ́ ìró ìgbájú tí wọ́n fi pa á lẹ́nu mọ́. Ọkọ̀ kò lè kọjá mọ́ nítorí ọsàn. Ọ̀kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi gan-an, orin ìyàwó ń lọ nínú rẹ̀, mo sì mọ ohùn tí ó ń gbè é. Bọ́ọ̀sì wa ni. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò rí irú eégún báyìí rí. Ìyá àwọn ọmọ mi sì ní, “Ẹ fún un ní nǹkan o jàre, kí ó má bàá ba ọjọ́ wa jẹ́, ọ̀nà ayọ̀ ni a ń lọ.” Igba náírà bọ́ sí mi lórí itan. Mo fẹ́ pariwo orúkọ rẹ̀, mo rántí ẹni tí mo jẹ́, mo pa ẹnu mọ́, bọ́ọ̀sì sì lọ.

Ọlọ́sàn ni ó tú mi sílẹ̀. Ó ti sá ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó padà, ó ní ìbáà ṣe eégún ìbáà ṣe ènìyàn, ẹni tí ó da ọjà òun nù yóò sanwó. Ó fa agbádá náà ya ní ọrùn, ó sì rí irùngbọ̀n funfun. “Èèwọ̀! Bàbá arúgbó ni!” Ìlú sì padà wá wò mí, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mo fi igba náírà ọ̀hún kún owó tí mo san.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, àbúrò mi ń ròyìn eégún alálùpùpù fún àwọn àna wa. Ìyàwó mi wo ọrùn agbádá mi, ó gbóòórùn ọsàn, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Láti ìgbà náà, bí ó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo kàn ń bi í pé ìyá ìjọ wo ni ń ta eégún lọ́rẹ.

Mẹkáníìkì, akẹ́kọ̀ọ́ mi, ni ó bá mi de gíláàsì tuntun tí mo rà. Ó ní kí n jókòó bí mo ti ń jókòó lórí eré, ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí ó ṣe déédéé imú mi, ó sì jẹ́ kí etí òkè mọ níbẹ̀, kí n lè máa wo ọ̀nà ní òkè rẹ̀ dípò inú rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tí ó bá fò kúrò níbẹ̀ sì gba orí àṣíborí kọjá. Ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, ó fi wáṣà rọ́bà sí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kò fún un pa, ó sì fi àlàfo ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, nítorí pẹtiróòlù a máa mú kí irú ike bẹ́ẹ̀ sán wẹ́wẹ́.

Èyí àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn ilé mi. Ihò mẹ́fà ni ó ní, mẹ́rin wúlò, igun kan ti sán, tíúbù fọkanáísà sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ, kí ó mú owó wá, a ó dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wọ agbádá wá.