Agbádá Tó Ṣáájú Mi

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe yìí gan-an ni mo fẹ́ sọ di irọ́ lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ fojú kan àwọn àna mi ní Bẹyẹrúnkà n'Íbàdàn. Ọmọ ọdún 26 ni mí nígbà náà. Irùngbọ̀n mi ò ju mẹ́sàn-án lọ, mo kà á. Télọ̀ mi ní Bẹẹrẹ ní agbádá ló máa fi ọdún 10 kún ọjọ́ orí mi. Ó rán an, ó fẹ̀ débi pé bí wọ́n bá fi ṣe aṣọ fèrèsé Gbọ̀ngàn Màpó, á ṣẹ́kù.

Ká sọ òótọ́, wíwọ̀ rẹ̀ kò nira, kíká rẹ̀ ni. Àgbà a ká agbádá sí èjìká láì wò ó, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Èmi wò ó. Mo ká ọ̀tún, òsì já. Mo ká òsì, ọ̀tún já. Ọ̀kadà gbé mi sọ̀kalẹ̀ òkè Màpó, atẹ́gùn kó sínú aṣọ, mo wú bíi búrẹ́dì. Àwọn ìyá ọlọ́jà l'Ọ́jà'ba ń kí mi: “Ẹ kú ìnáwó o, bàbá!” Orí mi wú ju agbádá lọ.

Ó dilé àna, wọ́n gbé àmàlà wá. Kí ọwọ́ mi tó kan ẹran, ọwọ́ agbádá ti ṣáájú wọnú ewédú. Ìyá àgbà kan fà á yọ, ó fún un dáadáa, ó wojú mi:

“Ọmọ mi, bàbá rẹ tó laṣọ ńkọ́?”

Èmi ni mo laṣọ. Mo ṣì jẹ télọ̀ ní ìlàjì owó rẹ̀.