Oríkì Ìwé Ọlọ́pàá, Ọba Ẹnu Géètì

Ẹ ṣí fìlà, ẹ dọ̀bálẹ̀! Ìwé Ọlọ́pàá ló ń bọ̀. Àjàní ọmọ òǹtẹ̀, pélébé tó wúwo ju àgádágodo lọ. Kò lẹ́jẹ̀ lára, ó ní kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ dúró de òun. Dókítà fi ọdún 6 kàwé ní yunifásítì, ó dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn, ó kúnlẹ̀ fún Àjàní. Nọ́ọ̀sì di abẹ́rẹ́ mú, Àjàní ò tíì dé, abẹ́rẹ́ ò gbọdọ̀ wọlé.

Kí ọlá rẹ̀ lè yé wa dáadáa, ẹ wo ohun tó ń dá dúró. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi lítà 5 lọ. Bí ọta ìbọn bá da lítà kan ààbọ̀ sí méjì nù níbẹ̀, ọkàn á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, iyè onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Dókítà pàjáwìrì kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti pinnu: ṣé ọ̀nà ọ̀fun là? Ṣé ó ń mí? Ṣé inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ ń dà sí? Ṣé kí wọ́n ya fọ́tò inú ara rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n gbé e wọ tíátà kíá?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Àjàní ní: "Èmi dà?"

Oògùn kan wà, tranexamic acid, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tún tú. Ìwádìí CRASH-2, tó jáde ní 2010, dán an wò lára àwọn tó fara pa tó lé ní 20,000 ní orílẹ̀-èdè 40, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Oògùn náà dín ikú kù. Àmọ́ bí wákàtí 3 bá ti kọjá lẹ́yìn ìfarapa, ó lè pani lára dípò kó ranni lọ́wọ́. Oògùn ní gbèdéke o. Àjàní kò ní. Ó lè wà ní tẹ́ṣọ̀n, kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ ṣì máa wá bírò.

Ta ló bí i gan-an? Òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti Nàìjíríà, ti 1984, ni wọ́n máa ń pè ní bàbá rẹ̀. Irọ́ ni. Ohun tí òfin yẹn wí ni pé kí ilé ìwòsàn tètè fi tó ọlọ́pàá létí bí wọ́n bá rí ọgbẹ́ ìbọn. Kò ní kí aláìsàn lọ gba ìwé wá kó tó rí ìtọ́jú. Ẹ̀rù kí ọlọ́pàá má baà mú dókítà bí alábàárìn olè ló tọ́ Àjàní dàgbà, ká sòótọ́.

Ẹ̀fẹ̀ dúró díẹ̀ níbí. Nígbà tí wọ́n yìnbọn fún Báyọ̀ Ohu, akọ̀ròyìn The Guardian, nílé rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 2009, ìròyìn ìgbà náà sọ pé ilé ìwòsàn kan bèèrè Ìwé Ọlọ́pàá lọ́wọ́ àwọn tó gbé e wá. Ó kú.

Òfin ìtọ́jú dandan fún ẹni tí ìbọn bà, ti 2017, ló wá rọ Àjàní lóyè: ìwé wà o, ìwé ò sí o, kí ilé ìwòsàn tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, kí wọ́n sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró wòran tí ẹ̀mí fi bọ́ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí kó san ₦50,000, tàbí méjèèjì. (Owó ìtanràn yẹn mà kéré sí ọlá Àjàní o!)

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún ń ki Àjàní fún yín lẹ́nu géètì, ẹ dárúkọ òfin yìí fún un. Kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró ná. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni láti pe ọlọ́pàá.